Kọ́láwọlé Òmùwẹ̀ àti Ewé Ara Òkúta Mólù

Ní Ajégúnlẹ̀, ní apá ibi tí wọ́n ń pè ní Tolú, kò sí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn Kọ́láwọlé Ọlábímtán tí kì í kọ́kọ́ dúró gba àyẹ̀wò. Ọkùnrin náà á yọjú lójú fèrèsé, á wo ẹsẹ̀ àlejò kó tó wo ojú rẹ̀, á bi í pé ta ló rán an wá, á tún bi í lẹ́ẹ̀kejì bóyá ìdáhùn á yí padà. Ìyàwó rẹ̀, Níyìọlá, tó ń ránṣọ nínú pálọ̀ wọn, ti pàdánù oníbàárà rí nítorí ọ̀rọ̀ yìí.

"Bàbá Tinú, aṣọ lobìnrin yẹn gbé wá," á wí. "Kò wá mú yín."

Kọ́láwọlé á ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n kò ní kúrò lójú fèrèsé.

Wọn ò bí i bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó yá mọ́ ènìyàn, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Ìlàjẹ ni ìyá rẹ̀, etí omi ló dàgbà sí, kó tó mọ ìwé kà dáadáa ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń di èémí mú lábẹ́ omi. Iṣẹ́ òmùwẹ̀ ló ṣe ní èbúté Àpápá. Bí ọkọ̀ òkun bá ti pẹ́ lójú omi, ewé òkun á hù sí i lábẹ́, àwọn ìkarawun kéékèèké á lẹ̀ mọ́ irin rẹ̀ gbagidi, ọkọ̀ náà á máa wọ́ lọ bí ẹni tó ru ẹrù, á sì máa jẹ epo ju bó ṣe yẹ lọ. Iṣẹ́ Kọ́láwọlé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni kí wọ́n ki rọ́bà afẹ́fẹ́ bọnu, kí wọ́n rì sábẹ́ ọkọ̀, kí wọ́n sì fi irin fá a mọ́ tónítóní. Bí wọ́n bá kó gbogbo ewé tó ti fá jọ, á bo òrùlé Ajégúnlẹ̀ láti òpin dé òpin. Ibẹ̀ náà ni etí rẹ̀ ọ̀tún lọ. Ó sáré rì jù lọ́jọ́ kan, nǹkan bú pòó nínú etí náà, kò sì gbọ́ ohunkóhun mọ́ lápá ibẹ̀.

Ohun tó wá yí ìwà rẹ̀ padà ṣẹlẹ̀ ní èbúté Tin Can. Wọ́n rí ẹrù kan tí wọ́n so mọ́ abẹ́ ọkọ̀ kan tó ti òkèèrè dé, nítòsí ìtọ́kọ̀ rẹ̀. Rọ́bà dúdú ni wọ́n fi dì í pinpin, oògùn olóró ló sì wà nínú rẹ̀. Àwọn òmùwẹ̀ tó ń fá ọkọ̀ náà ni wọ́n kọ́kọ́ kó. Kọ́láwọlé kò mọ nǹkan kan nípa ẹrù yẹn, ó sì gbà pé òtítọ́ á yọ òun. Àfi bí Martins, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan, ṣe na ìka sí i níwájú àwọn tó ń wádìí. Martins ní Kọ́láwọlé ló rì kẹ́yìn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé inú ọkọ̀ náà gan-an ni olówó ẹrù wà, kí wọ́n tó ní kí Kọ́láwọlé máa lọ sílé. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Martins ò yọjú sí i. Ẹni tó ń gbé iṣẹ́ fún wọn sì ní òun ò lè gbé orúkọ tó ti dé àtìmọ́lé lọ síwájú àwọn ọlọ́kọ̀. Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ nìyẹn. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ omi, tó dárúkọ okùn mọ́ ọn, ara Kọ́láwọlé á kọ́kọ́ le ná.

Ẹ wá wo irú ọkàn tó fi yọjú lójú fèrèsé lọ́sàn-án ọjọ́ tí obìnrin kan gbé mọ́tò wá sí Tolú, tó ní òun ń wá òmùwẹ̀ tó mọ ẹsẹ̀ Mólù. Mólù ni ògiri òkúta gbàǹgbà tí wọ́n kó sẹ́nu òkun láyé àwọn òyìnbó, kí ìgbì má baà máa ya lu ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọ Àpápá. Ẹni tí kò bá níṣẹ́ níbẹ̀ kì í débẹ̀.

Zulfah ni orúkọ obìnrin náà. Kò tí ì pé ogójì ọdún, olùkọ́ yunifásítì ni, ìborùn aláwọ̀ eérú ló wé mọ́rí, bàtà rẹ̀ sì kún fún iyanrìn. Bàtà náà ni Kọ́láwọlé kọ́kọ́ wò.

"Ẹ káàsán, sà. Bàbá Ọlábímtán ni mò ń wá."

"Ta ló rán yín?"

"Ọ̀gbẹ́ni Ebinimi, tó ń wa ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Liverpool, ní Àpápá níbí. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ abẹ́ omi ibẹ̀ tó yín."

"Kí lẹ fẹ́ ṣe lábẹ́ omi?"

"Ewé òkun ni, sà. Mo fẹ́ so àwọn àgò wáyà kan mọ́ òkúta, kí n lè máa wo bí ewé náà ṣe ń ṣe lásìkò ooru."

Ewé! Ohun tó ti fá dànù láti ìgbà èwe rẹ̀, tí kò sẹ́ni tó bi í léèrè rẹ̀ rí, òun ni obìnrin tó kàwé yìí gbé mọ́tò wá bá a fún ní Tolú. Àgò, okùn, abẹ́ omi, ẹnu ọ̀nà èbúté. Ó to ọ̀rọ̀ náà jọ lọ́kàn, bó sì ṣe ń tò ó jọ, ìrísí rẹ̀ ò wù ú rárá.

"Ta ló rán yín?" ó tún bi í.

Zulfah rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tún dárúkọ Ebinimi. Kọ́láwọlé ní kó lọ ná, òun á ránṣẹ́ sí i.

Níyìọlá ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ. "Kí ló dé tẹ́ ò gbà fún un? Iṣẹ́ tẹ́ ẹ mọ̀ ló gbé wá bá yín."

"Ìdí tí mo fi ń bẹ̀rù rẹ̀ nìyẹn. Ta ló ń wá ewé kiri abẹ́ òkun, Ìyá Tinú? Bí wọ́n bá fẹ́ kó nǹkan tí kò dáa gba ẹnu òkun wọlé, orúkọ ta ni wọ́n á rí lò tó dára ju tèmi lọ, èmi tí wọ́n ti mú rí?"

"Ẹ máà lọ, nígbà náà."

Kọ́láwọlé ronú títí. "Màá lọ," ó wí níkẹyìn. "Bí mi ò bá lọ, mi ò ní mọ ohun tó ń gbé pamọ́."

Bó ṣe gba iṣẹ́ nìyẹn o. Bí ọlọ́pàá inú ṣe ń gbàṣẹ́ ló ṣe gbà á.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lọ, ojú ọjọ́ mọ́ kedere, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńláńlá sì dúró lójú òkun tí wọ́n ń retí àyè láti wọlé. Ebinimi ló ń tukọ̀. Ìjọ̀ ni, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Yorùbá rẹ̀ á máa já gaara, á sì bọ́ sí pijin nígbà tó bá wù ú. Zulfah jókòó ti àwọn àgò wáyà rẹ̀. Kọ́láwọlé fi etí òsì kọ sí i, kó lè gbọ́ ohun gbogbo.

"Níbi tí mo ti kẹ́kọ̀ọ́, ní ìsàlẹ̀ South Africa lọ́hùn-ún, òkun ibẹ̀ tutù," obìnrin náà ń sọ. "Ewé òkun ibẹ̀ ga bí igi ọ̀pẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dì mọ́ òkúta nísàlẹ̀, orí rẹ̀ léfòó sókè omi. Igbó gidi ni, Bàbá. Ẹja ń gbé inú rẹ̀ bí ẹyẹ ṣe ń gbénú igbó."

"Ewé tó ga bí ọ̀pẹ." Ohùn Kọ́láwọlé dà bíi ti ẹni tó ń gba ẹ̀rí lẹ́nu ọ̀daràn.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n òkun ń gbóná sí i níbi gbogbo, ewé ò sì lè ká ẹrù rẹ̀ kó sá lọ. Bí ooru bá mú un jù, á ṣí àwọ̀, á máa já wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Àwọn tó ń jẹ ẹ́ náà ò sì ní dúró dìgbà tára rẹ̀ bá yá."

"Kí ló wá ń ṣe sí i?"

"Ó lọ́gbọ́n tirẹ̀. Òmíràn á sọ ara rẹ̀ di kíkorò, ẹni tó bu ú jẹ á tu ú dànù. Bí ìgbì bá ń mì í, á máa gbá òkúta ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ìgbálẹ̀, àwọn tó fẹ́ gùn ún á ṣubú. Wọ́n lè jẹ ẹ́ títí á ku kùkùté, bí ibi tí ewé tuntun ti ń yọ kò bá sáà ti bàjẹ́, á tún hù. Èyí tó bá sì wà níbi tí omi ti jìn, tó tutù díẹ̀, máa ń pẹ́ jù. Tiwa níhìn-ín ò ga, omi wa sì ti gbóná tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ mọ èyí tó ń dà á láàmú jù, ooru ni àbí ẹnu tó ń jẹ ẹ́. Ìdí tí mo fi fẹ́ fi àgò bo àwọn kan nìyẹn, kí ẹnu má dé ọ̀dọ̀ wọn, kí n sì fi àwọn kan sílẹ̀ láìbò."

Àlàyé náà lọ geere. Ohun tó ba Kọ́láwọlé nínú jẹ́ gan-an nìyẹn. Lójú tirẹ̀, irọ́ tí wọ́n ti fi ara balẹ̀ hun nìkan ló máa ń lọ geere bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ máa ń kọsẹ̀ díẹ̀.

Wọ́n dé ẹsẹ̀ Mólù. Ó rì, ó so àwọn àgò náà mọ́ òkúta bí obìnrin náà ṣe júwe, èyí tó ní kó bò mọ́ orí ewé, ó bò ó; èyí tó ní kó ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ṣí i. Nígbà tó yọrí sókè láti gba èyí tó kù, Zulfah na nǹkan kan sí i. Kò ju ìka ọwọ́ méjì lọ. Rọ́bà dúdú ni wọ́n fi dì í pinpin.

Kọ́láwọlé kò tètè gbà á.

"Kí nìyí?"

"Ẹ̀rọ tó ń wọn ìgbóná omi ni, sà. Ẹ so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ àgò tó wà láàárín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú u o."

Ká ní kò sọ gbólóhùn tó sọ kẹ́yìn yẹn, bóyá gbogbo ohun tó tẹ̀lé e kì bá tí ṣẹlẹ̀. Kọ́láwọlé gbà á, ó so ó. Ṣùgbọ́n títí wọ́n fi padà dé èbúté, ó ń rò ó pé òun ti fi ọwọ́ ara òun so ẹrù mọ́ abẹ́ omi wàyí, àti pé bí ọjọ́ bá pé, kò sí Martins kan tó nílò láti purọ́ mọ́ òun mọ́.

Láti ìgbà náà, bí Zulfah bá ti pè wọ́n, wọ́n á lọ. Ọkàn Kọ́láwọlé kì í sí lára ewé. Ojú obìnrin náà ló ń ṣọ́. Tí fóònù rẹ̀ bá dún tó sì yíjú sápá kan láti dáhùn, Kọ́láwọlé á sún etí òsì mọ́ ọn. Tó bá wo ọkọ̀ kan tó ń kọjá lọ, Kọ́láwọlé náà á wo ọkọ̀ náà, á mọ orúkọ rẹ̀ sórí. Síbẹ̀ ó ń rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ ò fọ́. Ewé tó wà nínú àgò bíbò ń gùn, ó tutù yọ̀yọ̀, ó ń jó nínú omi bí aṣọ sílíìkì. Ti ìta rí jákujàku, ó ti di kùkùté mọ́ ara òkúta.

Lọ́jọ́ kan, àgò kan di àwátì. Kọ́láwọlé wá a títí, ó yọrí sókè, ó ní òun ò rí i.

Zulfah wo Kọ́láwọlé, ó wo Ebinimi, ó tún wo Kọ́láwọlé. "Bàbá, ta ni ẹ sọ ibi tí a so ó sí fún?"

"Kò sẹ́nì kan."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́?" ó bi Ebinimi.

"Me? Wetin I wan use am do?" Ebinimi dá a lóhùn, inú bí i.

Wọ́n padà sí èbúté. Bí obìnrin náà ti wọ mọ́tò rẹ̀ lọ tán ni Ebinimi sọ̀rọ̀ sí i létí, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Etí ọ̀tún, èyí tí kò gbọ́ mọ́, ló sọ ọ́ sí. Kọ́láwọlé yí orí padà, ó ní kó tún un sọ.

"Mo ní, Brọ̀dá Kọ́lá, ó ń wò wá bí olè. Ó lè jẹ́ òun gan-an ló ní kí wọ́n gbé e, kó lè rí ohun tó máa fi kàn wá."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sínú Kọ́láwọlé bí epo sínú iná. Ó ti wà lọ́kàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹlòmíràn ló kàn bá a sọ ọ́ jáde. "A máa lọ yọ ẹ̀rọ yẹn," ó wí. "A máa tú u, a máa rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ ohun tí mò ń rò ni, èmi fúnra mi ni màá kọ́kọ́ gbé e lọ fún ọlọ́pàá, kí wọ́n tó wá gbé mi."

Ebinimi lọ́ tìkọ̀, ṣùgbọ́n ó gbà. Ọ̀sán gangan ni wọ́n lọ, ooru ń mú bí ààrò, òkun sì dákẹ́ lọ jọ̀ọ́.

Kọ́láwọlé rì. Ó dé ìdí àgò àárín, ó na ọwọ́ sí okùn ẹ̀rọ náà, ó fẹ́ tú u. Ni ojú rẹ̀ bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òkúta. Tẹ́lẹ̀, tó bá ti so nǹkan tán, ó máa ń gòkè kíá ni, nítorí orí omi ni ẹni tí òun ń ṣọ́ wà. Lọ́jọ́ yìí kò sí Zulfah lókè. Ó di òkúta mú, ó dúró.

Àwọn nǹkan roboto ẹlẹ́gùn-ún kan, tí àwọn òmùwẹ̀ ń pè ní òòrẹ̀ omi, ń yọ́ bọ̀ láti inú ihò òkúta. Ọ̀kan gun ìdí ewé kan, ó ń họ ọ́ jẹ. Ìgbì rọra wọlé, ewé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ṣì gùn díẹ̀ fì, ó gbá a, òòrẹ̀ omi náà já bọ́, ó yí gbiri lọ sísàlẹ̀. Kò pẹ́ tó tún ń gun òkè bọ̀. Ẹja wẹ́wẹ́ kan yọ wá lágbo, wọ́n bu ewé, wọ́n tu òmíràn dànù, wọ́n tún lọ bu ti ẹ̀gbẹ́. Wọ́n dé ara àgò bíbò, wọ́n fẹnu kan wáyà, wọ́n padà. Gbogbo rẹ̀ rí bí obìnrin náà ṣe sọ ọ́ láìṣẹ́kù. Títí èémí tó dì mú fi fẹ́ tán ni Kọ́láwọlé ń wò wọ́n.

Ẹ lè rò pé ó fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀. Kò fi í sílẹ̀. Ó ti bá a dé ibẹ̀, ìfura tó sì ti bá ènìyàn gbé láti ọjọ́ pípẹ́ kì í kú lójijì. Ó gé okùn, ó fi ẹ̀rọ náà sínú àpò, ó gòkè.

Bí wọ́n ṣe ń wọ èbúté ni ọkọ̀ àwọn ọlọ́pàá ojú omi dábùú wọn. Àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń ṣe fún gbogbo ènìyàn ni. Ọ̀gá wọn ní kí wọ́n tú àpò. Ó gbé ẹ̀rọ náà sókè, ó yí i lọ yí i bọ̀.

"Kí nìyí?"

Kọ́láwọlé fèsì: "Ẹ̀rọ tó ń wọn ìgbóná omi ni, sà."

"Ìgbóná omi. Kí lẹ fẹ́ fi ìgbóná omi ṣe?"

"Ewé òkun ni. Wọ́n fẹ́ mọ bí ewé òkun ṣe ń ṣe."

Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń gbọ́ ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Zulfah ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ojú ọlọ́pàá náà, ó rí bó ṣe ń to ọ̀rọ̀ náà jọ lọ́kàn, ó sì rí i pé ìrísí rẹ̀ ò wu ọkùnrin náà.

Wọ́n kó wọn lọ sí àgọ́. Wọn ò fìyà jẹ wọ́n, wọ́n ní kí wọ́n jókòó sórí àga gbọọrọ kan títí ẹni tó ni ẹ̀rọ á fi dé. Kọ́láwọlé fún wọn ní nọ́ńbà Zulfah. Ebinimi ń sọ lábẹ́nu pé, "She no go come, she no go come." Ìka Martins ni Kọ́láwọlé ń rí, ìka tó gùn, tí èékánná rẹ̀ dúdú, tó nà sí òun níwájú gbogbo ayé. Obìnrin yìí ò tiẹ̀ nílò láti purọ́ bíi ti Martins. Bó bá kàn sọ òtítọ́, ó ti tó.

Zulfah dé nígbà tí oòrùn ti ń tẹ̀. Ó kí àwọn ọlọ́pàá, kò wo ọ̀dọ̀ àga gbọọrọ.

"Màdáámú, ẹ mọ ọkùnrin yìí?" ọ̀gá náà bi í.

"Mo mọ̀ ọ́n. Òun ló ń bá mi rì."

"Ẹ̀yin lẹ ní kó lọ yọ nǹkan yìí?"

Ìgbà yẹn ló tó wo Kọ́láwọlé. Ó wò ó títí. Kọ́láwọlé rẹ ojú sílẹ̀.

"Rárá," Zulfah wí. "Mi ò rán an. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ni ẹ̀rọ náà, òṣìṣẹ́ mi sì ni. Kò ṣẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí n tú u lójú yín."

Ó fi ọ̀bẹ ya rọ́bà dúdú náà, ó ṣí i. Bátìrì róbótó kan, pátákó aláwọ̀ ewé tínńtín, ohun kékeré kan bí ìlẹ̀kẹ̀. Kò sí nǹkan mìíràn. Ọ̀gá ọlọ́pàá bẹ káàdì iṣẹ́ rẹ̀ wò, ó pe ẹnì kan lórí fóònù ní yunifásítì, ó sì ní kí wọ́n máa lọ.

Níta, Zulfah dúró ti mọ́tò rẹ̀. "Ẹ̀yin náà lẹ gbé àgò tó sọnù?"

"Rárá o. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò fọwọ́ kàn án."

"Bàbá, mi ò mọ̀ bóyá kí n gbà yín gbọ́." Ó ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò. "Àsìkò yìí gan-an ni omi ń gbóná jù. Òun ni mo fi gbogbo ọdún dúró dè. Ẹ̀rọ yìí kò sí nínú omi mọ́, ooru ọdún yìí sì ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Kí ló dé tẹ́ ò kàn bi mí?"

Kí ni kó sọ? Pé òun ti bi í, ṣùgbọ́n òun ò gbà á gbọ́? Ó dúró bí ọ̀pá títí mọ́tò náà fi lọ.

Nílé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Níyìọlá, kò fi ọ̀kan pamọ́. Níyìọlá dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. "Ohun tí Martins ṣe fún yín," ó wí, "ẹ fẹ́ẹ̀ ṣe é fún ọmọ ọlọ́mọ. Òun tó sì láǹfààní láti ṣe é fún yín, kò ṣe é." Ó tún tẹ ẹ̀rọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun Kọ́láwọlé ju gbogbo ìjókòó orí àga gbọọrọ lọ.

Zulfah ò pè wọ́n mọ́. Ooru ń mú sí i. Kọ́láwọlé ò lè sùn dáadáa, àwọn ewé yẹn ò sì kúrò lójú rẹ̀. Níkẹyìn, ó lọ bá Ebinimi, ó ní kó gbé òun lọ sí Mólù.

"Kí la tún fẹ́ lọ yọ?"

"Mo fẹ́ wò ó ni. Mi ò ní mú nǹkan kan."

Ó rì. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ lára rẹ̀ bí omi ìwẹ̀. Ó dé ìdí àgò bíbò, ẹnu yà á. Ewé tó gùn, tó ń jó bí aṣọ sílíìkì yẹn, ti ṣí àwọ̀. Ó funfun báláú, orí rẹ̀ ti rà, bó ṣe fọwọ́ kàn án ló yòrò. Ó yíjú sí ti ìta, èyí tí wọ́n jẹ kù. Kùkùté náà sùn mọ́ òkúta pẹrẹsẹ bí ẹní, ó dúdú, ó le, ó sì wà láàyè. Ó já díẹ̀, ó fi sẹ́nu nígbà tó gòkè. Ó korò bí ewúro tí wọn ò fọ̀.

Ó tún rì. Nísàlẹ̀ pátá, láàárín òkúta méjì, ó rí nǹkan tó ń dán. Àgò tó sọnù ni. Ìgbì ló já a, ìgbì ló rún un pọ̀ bí ìwé. Ó lo gbogbo agbára rẹ̀ kó tó fà á yọ.

Láti orí ọkọ̀ ni ó ti pe Zulfah. Ó sọ ohun tó rí: èyí tí wọ́n dáàbò bò ti kú, èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹja àti òòrẹ̀ omi láti máa jẹ ṣì wà. Ó sọ ti àgò.

"Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́," obìnrin náà wí. "Mò ń bọ̀ lọ́la."

Òun nìkan kọ́ ló wá. Ó mú òmùwẹ̀ mìíràn lọ́wọ́, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nnamdi, tí Kọ́láwọlé ò rí rí. Kò ṣàlàyé ìdí tó fi mú un wá, Kọ́láwọlé ò sì béèrè, nítorí ó hàn. Kọ́láwọlé àti Nnamdi jọ rì. Nígbà tí wọ́n yọrí sókè, Nnamdi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: bí Bàbá ṣe wí i náà ni ó rí.

Zulfah gbé àgò tó rún náà lé itan, ó ń fi ìka tọ ibi tí wáyà ti já. "Ẹ má bínú, sà," ó wí. "Mo rò pé ẹ̀yin ni."

"Èmi náà rò pé oògùn olóró lo gbé wá," Kọ́láwọlé dá a lóhùn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa pe obìnrin náà ní ìwọ, bí ẹni tó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ebinimi bú sẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ ọkọ̀, òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

"Ohun tẹ́ ẹ rí yìí ṣe pàtàkì," Zulfah wí. "Ó lè jẹ́ pé jíjẹ tí wọ́n ń jẹ ẹ́ ló sọ ọ́ di líle. Ó sì lè jẹ́ pé àgò ló dí ìṣàn omi mọ́ àwọn tinú, tí wọ́n fi rà. Òkúta kan ò tó fún mi láti gbà á. A ó tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀, níbi púpọ̀."

Kọ́láwọlé mi orí. Ìyẹn yé e dáadáa. Ẹni tó bá yára gba nǹkan gbọ́ ni kì í yé e.

Ṣùgbọ́n Zulfah ò fẹ́ kí ìyókù ọdún náà ṣòfò. Ó mú ẹ̀rọ mìíràn jáde nínú àpò rẹ̀, wọ́n ti fi rọ́bà dì í bíi ti tẹ́lẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fa ṣéènì kan yọ pẹ̀lú àgádágodo tí kò lè dípẹtà. Ó fi ṣéènì so ẹ̀rọ náà, ó na àgádágodo sí Kọ́láwọlé, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ sínú àpò ara rẹ̀.

Kọ́láwọlé wo ṣéènì náà, ó wo obìnrin náà. Ó rì, Nnamdi sì tẹ̀ lé e. Ó lọ́ ṣéènì náà mọ́ irin tó wà nínú òkúta, ó ti àgádágodo, ó fà á wò tagbáratagbára.

"Ó ti dì," ó wí nígbà tó yọrí sókè.

Zulfah kọ́kọ́ wo Nnamdi. Ìgbà tí Nnamdi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni ló tó yíjú sí Kọ́láwọlé, tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ́láwọlé rí i, kò sì bínú. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fún omi kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì, ó sọ fún Ebinimi pé kó máa tukọ̀ lọ sí Àpápá.